Kílò Mọ́ńdè Kì í Ṣe Ọ̀rá

Ẹ lọ òde ní Gwarinpa ní Sátidé, ẹ jẹ iyán, ẹ jẹ ìrẹsì, wọ́n tún wé súyà fún yín dání. Àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ gun síkéèlì: ó ti fi kílò kan ààbọ̀ lé sí ti Fúráídè. Ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn tí mò ń bá ṣètò oúnjẹ ní Àbújá yìí ti máa ń ti síkéèlì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ní kí wọ́n máa wọn ara.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí ara tó lè kó kílò ọ̀rá kan pamọ́, oúnjẹ tí èèyàn jẹ gbọ́dọ̀ fi bíi 7,700 kálórì ju èyí tí ara lò lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni 2,000 sí 2,500 tó fún odidi ọjọ́ kan. Kílò kan ààbọ̀ á wá gba bíi 11,550. Ta ló wá lè fi oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún lé ti ojúmọ́ láàárín ọjọ́ méjì, bó ti wù kí alásè náà mọwọ́ tó?

Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó wọlé. Iyọ̀ inú yájì àti ti ọbẹ̀ máa ń dá omi dúró sára. Iyán àti ìrẹsì máa ń di ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan ń tọ́jú, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń fa omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Ẹ wá fi oúnjẹ tó ṣì wà nínú ìfun kún un. Ara obìnrin tún máa ń gba omi dúró nígbà tí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀ kó dé. Bí ẹ bá padà sí oúnjẹ yín bó ṣe yẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti lọ kó tó di Tọ́sìdé.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń yọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó wọ ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù, tó sáré lẹ́bàá adágún Jabi nínú ooru oṣù kẹta, tó wá fi kílò kan fúyẹ́, òógùn ló dà nù. Bó bá ti mu omi, ó ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, kí wọ́n tó ṣínu.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kéèyàn máa wọn ara lójoojúmọ́? Nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ lè tanni jẹ. Ẹ kọ ti ọjọ́ méjèèje sílẹ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí méje. Bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá jẹ́ 91.6, tí ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ 91.1, ẹ ti fi ìdajì kílò fúyẹ́, ì báà jẹ́ 92.7 lẹ rí ní Mọ́ńdè. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ dára. Èmi ò fẹ́ràn èyí tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, Rena Wing àti James Hill, bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ kan ní 1994 fún àwọn tó ti fi kílò 13.6 ó kéré tán fọn, tí wọn ò sì jẹ́ kó padà fún ọdún kan. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ń gun síkéèlì, bó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Síkéèlì kì í yọ́ ọ̀rá o. Ó kàn ń jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ nígbà tí búrẹ́dì bá ti ń pọ̀ ni.

Ẹ wọn ara lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀, kí ẹ tó mu omi, lórí táìlì, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ní Mararaba nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya lè wọn tirẹ̀ láago mẹ́rin. Síkéèlì kẹ́míìsì Wuse àti tilé yín lè má bára mu. Tilé ni kí ẹ dì mú.

Aláboyún àti ọmọ tó ń dàgbà kò sí nínú èyí. Ẹni tó ti ń febi pa ara rẹ̀ rí, tàbí tó ń kiwọ́ bọ ọ̀fun kó lè bì, kó jìnnà sí i. Bí nọ́ńbà àárọ̀ bá sì ń ba ọjọ́ yín jẹ́, ẹ fi tépù télọ̀ wọn ikùn yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù dípò rẹ̀.

Ti àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ yàtọ̀: dókítà sábà máa ń ní kí wọ́n wọn ara lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fi kílò méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí ẹ kò lè mí dáadáa bí ẹ bá dùbúlẹ̀, omi nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti súyà. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín.