Aṣọ́lé ni BMC, kì í ṣe "alákòóso pákó ìpìlẹ̀"

Ó ti sú mi láti máa rí "alákòóso pákó ìpìlẹ̀" fún BMC (Baseboard Management Controller), ṣíìpù tó ń ṣọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ náà. Ta ló ń pe màdábọ́ọ̀dù ní pákó? Pákó ni wọ́n fi mọ Oko Bàbá ní Ebute Metta. Ẹni tó túmọ̀ BMC bẹ́ẹ̀ kàn mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta dí ojú wọn. Kò bèèrè ohun tí nǹkan náà ń ṣe.

"Ìṣàkóso láti òkèèrè" tí àwọn mìíràn ń pè é náà kò là wá lójú. Ẹni tó jókòó sílé ní Ìkòròdú tó fi SSH (ọ̀nà tí a fi ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà tó jìnnà) wọ Linux tó ń darí sáfà ń ṣàkóso láti òkèèrè. Ẹni tó ń lo AnyDesk náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí Linux bá kú, tí sáfà dúró sójú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí kí Linux tó dé, apá àwọn méjèèjì kò ká a mọ́ nìyẹn. Ohun tí à ń sọ ni ṣíìpù kan tó dá dúró lórí màdábọ́ọ̀dù, tó ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, sọ́fítíwíà tirẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì IP tirẹ̀. Dell ń pè é ní iDRAC, HPE ní iLO, Lenovo ní XClarity Controller. Orúkọ lásán nìyẹn. Èdè tí wọ́n jọ ń gbọ́ ni IPMI, tí Intel, Dell, HP àti NEC gbé jáde lọ́dún 1998. Redfish tó ń gba ipò rẹ̀ dé lọ́dún 2015.

Aṣọ́lé ni mo ń pè é. Ẹ wo ilé kan ní Súrùlérè lóru. Iná ti kú, ilẹ̀kùn ti tì, ẹ kànkùn títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Aṣọ́lé tó wà lẹ́nu géètì kò sùn. Fóònù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti onílé. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ kò dúró de iná ilé. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀ sí, ó sì mọ ibi tí ṣéńjófà wà. Onílé pè é láti Àbújá, ó ní kó pa iná, kó tún un tàn. BMC gan-an nìyẹn. Bí wáyà iná bá ti wà lára sáfà, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì tẹ bọ́tìnnì, aṣọ́lé ti jí. Ó ń wo ooru, eré fáànù àti fólítéèjì. Ìwé rẹ̀ la mọ̀ sí SEL (System Event Log).

Àwọn kan ní "ọdẹ" ló dára jù, pé ọdẹ ló ń ṣọ́ àdúgbò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ode" tó wà lójú ìwé lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ òde, ó sì lè jẹ́ ọ̀dẹ̀. Ẹni tó ń ka ìlànà iṣẹ́ láago méjì òru kò yẹ kó máa rò ó wò. Ẹ kọ "aṣọ́lé" láìfi àmì kankan sí i, aṣọ́lé náà ni wọn yóò kà. "Alákòóso" ńkọ́? Alákòóso a máa pàṣẹ. Èyí kì í pàṣẹ fún Linux, kò sì mọ ohun tó wà nínú dátábéèsì yín. Ó ń wò, ó ń kọ, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ bá rán an.

Bí ẹ ó ṣe fi ipmitool, irinṣẹ́ tí a fi ń sọ èdè IPMI, bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá sáfà wà ní títàn nìyí:

ipmitool -I lanplus -H 10.10.5.20 -U abojuto -a chassis power status

10.10.5.20 ni àdírẹ́ẹ̀sì aṣọ́lé, "abojuto" ni orúkọ tí ẹ fi ń wọlé. "-a" yóò bèèrè páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín, kó má baà wà nínú ìtàn àṣẹ. Ẹ fi "sel elist" rọ́pò "chassis power status" láti ka ìwé aṣọ́lé. Tí aago rẹ̀ bá wà lórí UTC (aago àgbáyé), ẹ fi wákàtí kan kún un: ohun tó kọ sí 01:10 ṣẹlẹ̀ ní 02:10 ní Ìkẹjà. "chassis power soft" ń bẹ Linux pé kó palẹ̀ mọ́. "chassis power cycle" kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó ń gé iná ni, ó sì lè ba dátábéèsì jẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, "chassis policy always-on" ṣe pàtàkì: bí iná bá lọ tó tún dé, sáfà yóò dìde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí UPS bá tán tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tan, aṣọ́lé náà kú. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ má gbé e sójú íntánẹ́ẹ̀tì láé. Pọ́ọ̀tù UDP 623, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń lò. Nínú IPMI 2.0, bí àjèjì bá ti mọ orúkọ tí ẹ fi ń wọlé, aṣọ́lé á fi páswọ́ọ̀dù tó ti lọ̀ kúnná (hash) ránṣẹ́ sí i kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Olè á jókòó sílé rẹ̀, á máa dán ọ̀rọ̀ wò títí ọ̀kan yóò fi bá a mu. Bí ìlànà náà ṣe wà nìyẹn, kò sí àtúnṣe tó lè mú un kúrò. VLAN tirẹ̀ (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀) àti VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a ń gbà wọ ibẹ̀) ló kù. Nínú IPMI 2.0 náà, páswọ́ọ̀dù kò lè ju báìtì 20 lọ, nítorí náà ẹ lo gbogbo rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún Supermicro: ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí kò bá rí okùn nínú ihò aṣọ́lé nígbà tí iná dé, aṣọ́lé á sún sórí LAN1, ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wọlé. Nínú ètò aṣọ́lé, ẹ yí "Failover" sí "Dedicated" kó má kúrò nínú ihò tirẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra Dell àlòkù ní Computer Village, kó bèèrè bóyá láísẹ́ǹsì Enterprise wà lórí iDRAC rẹ̀. Láìsí i, ẹ ò ní rí ojú sáfà láti ibi tí ẹ wà.

Aṣọ́lé náà a máa dákú. Ojú-ewé rẹ̀ kò ní ṣí, sáfà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ wọ Linux, ẹ tẹ "ipmitool mc reset cold". Òun nìkan ló máa tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ìyẹn kò bá gbà, ó di kí ẹnì kan yọ gbogbo wáyà iná sáfà náà, kó dúró díẹ̀ kó tó dá wọn padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ti ẹ̀gbẹ́ ráàkì tí ẹ to sáfà sí fi fóònù yín wọ VPN, kí ẹ fi aṣọ́lé pa sáfà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tó gun Third Mainland padà sílé.