Ẹ yéé pè é ní ọ̀lẹ

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ ọjà Kàbbà tó kọjá ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ wá bá mi ní klíníkì, ó ní kò gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò sọ mọ́, kò dá sọ̀rọ̀ mọ́, a dúpẹ́, àmọ́ ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára, kì í fẹ́ dìde, kì í fẹ́ wẹ̀, ṣé mi ò lóògùn ọ̀lẹ ni. Ẹni kẹrin rèé lóṣù yìí!

Àìlèdìde yẹn, àìsàn ọ̀hún náà ni. Nínú schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, oògùn tètè ń lé ohùn lọ, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìfẹ́ àtiṣe nǹkan padà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ oògùn gan-an ló ń mú ara wúwo, tí ẹsẹ̀ á le bí igi, ẹ wá sọ fún wa ká yí i tàbí ká dín in kù, ẹ má kàn lọ jù ú sígbó.

Ohun tí mò ń pariwo láti ọdún yìí wá ni pé ẹ má dúró kó wù ú kó tó ṣe é. Ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan, àsìkò kan náà lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì bá a ṣe é, ẹ má dúró lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, kájú mẹ́wàá ló ń ṣà láàárọ̀ sínú abọ́ rọ́bà, á fọwọ́ lọ́ kóró kúrò lára èso ẹ̀, ìyá ẹ̀ á jókòó tì í, kò ní sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta òun fúnra ẹ̀ bèèrè pé èló ni wọ́n ń rà á. Ọmọ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ti fi èyí han ayé ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta láti 1954, aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ ará abúlé, ó ń lọ sóko, ó ń gba ìtọ́jú, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá bá a ṣiṣẹ́, àmọ́ abẹ́ ojú dókítà ni o.

Kì í ṣe bíi tàwọn tó ń pe ara wọn ní wòlíì wọ̀nyí. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gba ọmọbìnrin kan kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti ń gba abẹ́rẹ́ olóṣooṣù déédéé, ó ti padà sídìí maṣíìnì ìránṣọ, ó ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀lẹ ló ń bá a jà, wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, ojú ṣéènì ti di egbò yí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ká, kò dá mi mọ̀. Òfin 1958 tó ń pe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè, ìjọba ti pa á rẹ́ ní January 2023, ẹ̀yin ṣì ń lò ó nínú ilé yín.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń rí aláìsàn. Ẹni tí wọ́n bá ti so èèyàn ẹ̀ mọ́lẹ̀ níbì kan, kó má dúró de Ọjọ́bọ̀.