Ààrẹ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Pátápátá Àwọn Ológun: Ohun Tí Òfin Ní Kó Máa Ṣe

Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ológun ilẹ̀ náà, àtàwọn ti orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú. Abala 130 nínú ìwé òfin 1999 ló fún un ní oyè yìí, mọ́ ti olórí orílẹ̀-èdè àti olórí ìjọba. Kò pọn dandan kó ti ṣe sójà rí, ó lè má tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú, àṣẹ ẹ̀ ló máa lékè ti ọ̀gágun tó dàgbà jù. Obasanjo àti Buhari jẹ́ ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì kí wọ́n tó wọlé ìbò, Yar'Adua, Jonathan àti Tinubu ò wọṣọ sójà rí, àmọ́ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú òfin, aráàlú tí wọ́n dìbò yàn ni wọ́n. Oyè yìí ní ẹrù tiẹ̀ ṣá. Òfin sọ ibi tí Ààrẹ ti lè dá pàṣẹ, ibi tó ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè, àti iye ọjọ́ tó ní láti fi ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé oyè ogun ni "Ààrẹ" fúnra ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kó tó di ohun táa fi ń pe prẹ́sídẹ́ǹtì. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló ń kó ogun Ọ̀yọ́ lọ, Aláàfin ló ń fi í joyè. Nǹkan ti wá yí padà báyìí, ẹni táa ń pè ní Ààrẹ ló wà nípò Aláàfin, àwọn ọ̀gágun tó ń yàn ló wà nípò Kakaǹfò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tó ní Ààrẹ tiẹ̀ ní 1963, Nnamdi Azikiwe ló wà níbẹ̀, oyè ọ̀gá àwọn ológun sì wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n oyè ẹnu lásán ni. Ọwọ́ Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba, àtàwọn mínísítà ẹ̀, ni àṣẹ gidi wà. Ìbò oṣù Kejìlá 1964 ló tú u síta. Ìbò yẹn dàrú, UPGA, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ní àwọn ò kópa, Azikiwe náà wá ní òun ò ní pe Balewa pé kó tún ìjọba gbé kalẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá àwọn sójà, òyìnbó ni nígbà yẹn, Welby-Everard lorúkọ ẹ̀, ó pe Wey tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó sì pe Louis Edet tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á tẹ̀lé òun. Wọ́n lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn amòfin, èsì tí wọ́n mú bọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ Balewa làwọn ti ń gbàṣẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1965, Azikiwe gbà fún wọn, ó pe Balewa. Kò tó ọdún méjì tó tẹ̀lé e táwọn sójà fi gbàjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ìwé òfin 1979 ló kó oyè àti àṣẹ pọ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, Shehu Shagari lẹni àkọ́kọ́ tó lò ó. Ti 1999 gbé ètò yìí bó ṣe wà, ó kàn fi díẹ̀ kún un.

Àṣẹ lórí lílo ọmọ ogun

Abala 218 ní Ààrẹ ló máa pinnu bí wọ́n ṣe máa lo àwọn ológun. Ó lè gbé àṣẹ náà fún ológun mìíràn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Òfin tó ń darí àwọn ológun, tí ìjọba ológun ṣe ní 1993 tó ṣì wà nílẹ̀ dòní, ní ó lè fa iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé CDS lọ́wọ́, ìyẹn olórí gbogbo ológun, àtàwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mínísítà ètò ààbò ńkọ́? Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ètò ààbò orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ jẹ́ alága ẹ̀, ó sì ń bójú tó ilé iṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé òfin ò fún un láṣẹ pé kó rán sójà kankan lọ jagun.

Rírán sójà kọjá ibodè

Ibí yìí ni òfin ti le jù. Abala 5 ní Ààrẹ ò lè kéde ogun sí orílẹ̀-èdè mìíràn àfi tí ilé aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Láti 1999, kò sí Ààrẹ tó tíì lo ibẹ̀ yẹn rí. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni apá kejì ẹ̀, tó ní sójà Nàìjíríà kankan ò gbọ́dọ̀ lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ewu kì í dúró de ìpàdé, torí náà wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀: tí Ààrẹ bá rí i pé ewu ti kanlẹ̀kùn, ó lè fọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ ètò ààbò kó sì rán ọmọ ogun lọ fún ìjà tó níwọ̀n, àmọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ti lọ bá Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, Sẹ́nẹ́ẹ̀tì náà ní ọjọ́ 14 láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

A ti rí i lójú ayé ní ọ̀nà méjì. Nígbà táwọn sójà gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, Tinubu ni alága ECOWAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó kọ lẹ́tà sí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì mẹ́nu ba rírán ọmọ ogun lọ nínú ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, àwọn sẹ́nétọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìdìtẹ̀gbàjọba náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà òṣèlú àti àjọsọ ni wọ́n ní kó lọ tọ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá Niger pààlà pọ̀ lókè Ọya, ará àti ìyekan wà níhìn-ín wà lọ́hùn-ún, ogun yẹn ò lè dùn mọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sójà ò lọ. Ti Benin, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, yàtọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba ní Kutọnu, ìjọba Patrice Talon ké sí Nàìjíríà, bàálù ogun Nàìjíríà sì ti wọ òfurufú wọn lọ́jọ́ yẹn kan náà kí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì tó gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́tà Tinubu dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré ọlọ́jọ́ méje yẹn ló gbà wọlé.

Sójà nínú ilé

Bí òfin ṣe le tó lórí òkèèrè, ó rọ̀ púpọ̀ nígbà tó bá kan lílo sójà fún ará ilé. Abala 217 ka iṣẹ́ àwọn ológun sílẹ̀: kí wọ́n dáàbò bo Nàìjíríà lọ́wọ́ ọ̀tá òde, kí wọ́n ṣọ́ ibodè lórí ilẹ̀, lójú omi àti lófurufú, kí wọ́n pa ọ̀tẹ̀, kí wọ́n sì ran ìjọba alágbádá lọ́wọ́ láti mú kí ìlú padà fara rọ nígbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n. Ó fi kún un pé ìpè yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìlànà tí ilé aṣòfin bá ṣòfin lé lórí. Kò sí gbígba ìyọ̀ǹda Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ṣáájú níbí, kò sí ọjọ́ 7, kò sí ọjọ́ 14. Ìbéèrè táwọn lọ́yà ti ń fà láti ọjọ́ yìí ni pé òfin wo gan-an ló ṣàlàyé àwọn ìlànà yẹn tán? Lójú tèmi, ibí yìí ni ihò tó tóbi jù wà nínú gbogbo ètò náà.

Ẹ wo Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ní oṣù Kọkànlá 1999, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí Obasanjo gbàjọba, àwọn ọ̀dọ́ kan pa ọlọ́pàá níbẹ̀, sójà wọ ìlú náà, wọ́n sì sọ ọ́ dahoro. Ó di 2013 kí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt tó dá a lẹ́jọ́ pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà fáwọn ará Odi. Owó ni kóòtù lè gbà fún wọn, ìlú ti lọ.

Ti ìbò náà wà. Nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù Kẹfà 2014, sójà pọ̀ lójú pópó débi pé àríyànjiyàn ẹ̀ ò tíì tán nínú ẹjọ́ òṣèlú. Femi Gbajabiamila tó wà nílé aṣojú-ṣòfin nígbà náà gbé ọ̀rọ̀ sójà nídìí ìbò lọ sí kóòtù l'Ékòó, ní oṣù Kẹta 2015 Adájọ́ Ibrahim Buba sì ní ìjọba ò lè lo sójà fún ètò ìbò láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ṣòfin fún un. Ìbò Ààrẹ ò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, sójà ṣì jáde.

Gómìnà ńkọ́? Wọ́n máa ń pè é ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, orúkọ ńlá, ṣùgbọ́n kò ní sójà kankan lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí awuyewuye ń lọ lórí àwọn sójà tó yìnbọn níbi táwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn ní Lekki ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ológun ní ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló pe àwọn. Ó ṣeé ṣe kí gómìnà béèrè ìrànlọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ní kó má béèrè, ṣùgbọ́n lábẹ́ abala 217, ìpè Ààrẹ nìkan ló ń gbé sójà jáde.

Ti ìjọba pàjáwìrì lábẹ́ abala 305 tún jẹ mọ́ ọn, torí sójà ló máa ń tẹ̀lé e lọ́pọ̀ ìgbà, bíi ti Borno, Yobe àti Adamawa ní oṣù Karùn-ún 2013. Ààrẹ gbọ́dọ̀ fi ìkéde náà ránṣẹ́ sílé aṣòfin méjèèjì, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ò bá sì fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n bá wà lẹ́nu ìjókòó, tàbí ọjọ́ 10 tí wọn ò bá sí, ó ti kú nìyẹn. Nígbà ti Rivers ní oṣù Kẹta 2025, ohùn ẹnu ni wọ́n fi dìbò, àwọn kan sì ń béèrè títí dòní bí wọ́n ṣe fi etí ka ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Yíyan àwọn ọ̀gá ológun

Ààrẹ ló ń yan CDS àtàwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè yọ wọ́n. Obasanjo ò tíì lo oṣù kan nípò tó fi ní kí ológun 93 tó ti di ipò òṣèlú mú nígbà ìjọba ológun lọ fẹ̀yìntì, kò sì sí ìbọn tó dún. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn Ààrẹ kàn ń yàn wọ́n ni, wọn ò fi orúkọ ránṣẹ́ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ òfin 1993 tí mo mẹ́nu bà lókè sọ pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà. Festus Keyamo, lọ́yà nígbà yẹn, ló gbé e lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2013, Adájọ́ Adamu Bello ní Abuja dájọ́ pé yíyan wọn láìgba ìfọwọ́sí ò bófin mu. Nígbà tí Jonathan yan àwọn tuntun ní oṣù Kìíní 2014, orúkọ wọn lọ sí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀ náà sì ń tẹ̀lé e.

Tí Ààrẹ ò bá sí ńlé

Yar'Adua kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá 2009, ó lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia, kò sì kọ lẹ́tà tó máa fa agbára lé igbákejì ẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù méjì ó lé, kò sẹ́ni tó lè sọ ní pàtó ẹni tó lè pàṣẹ fún sójà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2010 làwọn aṣòfin sọ Jonathan di adelé Ààrẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà Yar'Adua padà dé lóru, sójà sì kún ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Abuja, ìròyìn sì jáde pé adelé Ààrẹ ò mọ̀ sí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tún abala 145 ṣe lọ́dún yẹn kan náà, tí Ààrẹ bá lọ ní báyìí tí kò kọ lẹ́tà láàárín ọjọ́ 21, ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ sọ igbákejì ẹ̀ di adelé.

Owó

Ààrẹ ló ń pàṣẹ fún ológun, àmọ́ kò lè dá ná owó wọn. Ní 2018, Buhari san mílíọ̀nù 496 dọ́là fún Amẹ́ríkà láti ra bàálù ogun Super Tucano 12 kí ilé aṣòfin tó gbọ́. Nígbà tó wá kọ̀wé sí wọn, ó ní àkókò ń lọ, òun sì gbà pé wọn ò ní kọ̀. Inú bí àwọn sẹ́nétọ̀ kan débi pé wọ́n dárúkọ abala 143, èyí tí wọ́n fi ń yọ Ààrẹ nípò, àmọ́ kò débẹ̀. Àwọn bàálù náà dé ní 2021.

Àánú àti ẹjọ́

Sójà tí kóòtù ológun bá dá lẹ́bi ní ibi tó lè sá sí. Abala 175 fún Ààrẹ láṣẹ láti dárí jì í tàbí dín ìyà ẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Àgbà Orílẹ̀-èdè, níbi táwọn Ààrẹ àná àtàwọn gómìnà ti ń jókòó.

Tó bá jẹ́ Ààrẹ fúnra ẹ̀ ló rú òfin, abala 308 ò jẹ́ kí kóòtù ilẹ̀ wa pè é lẹ́jọ́ tó bá ṣì wà nípò, àwọn aṣòfin nìkan ló lè yọ ọ́. Ìdè yẹn ò dé kóòtù àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn (ICC) tó wà ní Hague. Ìwé àdéhùn Rome tó dá kóòtù náà sílẹ̀, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 2001, ò ka oyè sí, ó sì sọ pé ọ̀gá tó bá mọ̀ pé àwọn tó wà lábẹ́ òun ń hùwà ọ̀daràn ogun, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ mójú kúrò níbẹ̀, tí kò sì dá wọn dúró, lè jẹ́jọ́ ẹ̀, ì báà jẹ́ sójà ì báà jẹ́ alágbádá. Ní oṣù Kejìlá 2020, Fatou Bensouda tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà kóòtù náà nígbà yẹn parí àyẹ̀wò ẹ̀ lórí Nàìjíríà, ó ní ìdí wà láti gbà pé Boko Haram àtàwọn agbófinró ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti hùwà tó yẹ kí wọ́n wádìí. Kí ìwádìí ní kíkún tó lè bẹ̀rẹ̀, àwọn adájọ́ kóòtù yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.