Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Ojú Ọmọ Wá, Kẹ́ Ẹ Tó Béèrè Ẹni Tó Fi Rọ́bà Ta Á Lójú

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ìyá kan mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 wọlé tọ̀ mí wá ní ilé ìwòsàn ojú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N ò tíì béèrè ohunkóhun tó fi ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kán nǹkan sí i, mo fẹ́ tètè padà sọ́jà." Mo ní kí ọmọ gbé orí sókè, mo tan iná sí ojú òsì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ẹyinjú. Ó ti sọ̀ sísàlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí epo pupa tó kù sí ìdí ìgò.

Ìyá ní ó ṣubú lu ẹsẹ̀ àga ni. Ìgbà wo? Ọjọ́bọ̀. Kí lẹ ti fi sí i? Omi ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ kán sí i. Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ fún omi ọmú sí i. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò.

Mo ní kí ìyá lọ gba káàdì níta. Nígbà tó ku èmi àti ọmọ, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Rọ́bà ni, mà. Wọ́n ta á bá mi lójú ní kíláàsì. Èmi náà ti kọ́kọ́ ta tèmi. Ẹ má sọ fún mọ́mì mi."

Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ọdún 24 rèé tí mo ti ń wo ojú. Ẹsẹ̀ àga tóbi. Egungun tó yí ojú ká ló máa gba ìyẹn, ibẹ̀ á wú, á bó. Ohun kékeré tó yára ló máa ń gba àárín egungun wọlé bá ẹyinjú. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, kò sí ọmọ tó lè fi "mo ṣubú" tàn án jẹ.

Bí àwa àgbà tá a jọ kàwé bá pàdé, ìjàngbọ̀n ìgbà èwe la máa ń rò fúnra wa. Ta ló fa àga kúrò nídìí ẹni tó fẹ́ jókòó? Ta ló fo fẹ́ǹsì lọ ká máńgòrò? Ta ló fi wèrèpè ra bẹ́ẹ̀dì síníọ̀? Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín sí púpọ̀ nínú rẹ̀. Wèrèpè pàápàá, bó bá kan ojú, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Rọ́bà ni n kì í lè bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí.

Ẹ mọ rọ́bà tín-ín-rín tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ẹnu ọ̀rá. Ọmọ á fi í kọ́ àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Á ya bébà láti àárín ìwé rẹ̀, á ká a títí á fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, á fi eyín tẹ̀ ẹ́, itọ́ á mú un le, á wá ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Bó bá fà á tán tó sì jù ú sílẹ̀, bébà yẹn kì í ṣe bébà mọ́. Awọ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì tó bo dúdú ojú ló máa lọ bá, àárín awọ yẹn ò sì nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù rèé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sun sínú ojú báyìí, ojú fúnra rẹ̀ máa ń fà á gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ló sábà máa ń ba ojú jẹ́. Èyí tó bá tún sun láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí ó sábà máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ní kí ọmọ dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi ìrọ̀rí bíi méjì, mẹ́ta gbé orí rẹ̀ ga, kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ sísàlẹ̀ kúrò níwájú ibi tó fi ń ríran. Kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, kò gbọ́dọ̀ sáré. A ó fi ìbòjú líle bo ojú náà, kì í ṣe òwú tí ẹ fi báńdéèjì fún pinpin. Parasitamọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ fún un bí ó bá ń dùn ún. Ẹ má fún un ní aspirin, ẹ má fún un ní ibuprofen, torí àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ mọ jẹ́nótáìpù ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ fún mi pé, "AS ni, kì í ṣe SS, kò ní wàhálà." Nínú ojú, AS náà ní wàhálà. Ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ kọdọrọ nínú omi ojú, kò ní lè gba ihò tín-ín-rín tí omi ojú ń gbà jáde. Omi á há, ìfúnpá inú ojú á lọ sókè, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Kò ní dun ọmọ tó bí ẹ ṣe rò. Mo ti rí ojú tó funfun bálaú lójú ìyá rẹ̀, tí kò sì rí iná tí mo tàn sí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kán nǹkan síni lójú wá ti sú mi. Ikùn ọmọ ni Ọlọ́run dá omi ọmú fún. Omi ṣúgà, oúnjẹ kòkòrò ni. Àwọn kan ń fi ìtọ̀, àwọn kan ń fi ahọ́n lá a. Oògùn inú mọ́tò ló burú jù, torí sítẹ́rọ́ọ̀dù ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Pípọ́n ojú á lọ, ẹ ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kòkòrò á sì máa jẹ awọ ojú lọ lábẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé ayé ló ta ọmọ ọmọ òun lójú. Mo ní, "Mọ́mì, mo fi ọwọ́ ara mi yọ igi ìgbálẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní kíláàsì ló ta á."

Bí nǹkan bá sì lu ojú, ìyẹn tó wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ má fà á yọ, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ife bébà tó mọ́ bò ó, kẹ́ ẹ gbé ọmọ wá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ nílẹ̀, ara lè dìde bá èyí tó dáa jà, kí méjèèjì lọ. Louis Braille tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé ní 1809, òun ló ṣe ìwé tí àwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tó mú irin tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ, ó fi gún ara rẹ̀ lójú kan. Kó tó pé ọmọ ọdún 6, kò fi ojú kankan ríran mọ́.

Mo mọ ìdí tí àwọn ọmọ fi ń purọ́. Ní 1986, Primary 5 ni mo wà. Tíṣà wa lọ gba owó oṣù, kíláàsì pín sí méjì, àwọn tó wà lápá fèrèsé ń ta àwọn tó wà lápá ẹnu ọ̀nà. Bébà mi tán. Mo yọ pín àárín ìwé mi, mo ṣẹ́ ẹ, mo fi kọ́ rọ́bà. Ọmọkùnrin kan yọjú látẹ̀yìn àga. Ó fọwọ́ bo ojú, kò tilẹ̀ kígbe. Omi ń sun láàárín ìka rẹ̀, mo rò pé ó ń sunkún.

Hẹdimásítà ti kéde pé ẹgba 24 ni ti ẹni tó bá ta rọ́bà. Gbogbo wa búra, òun náà búra: ẹ̀ka gúáfà ló gbá a lójú. Wọ́n fún ewé sí i nílé. Ní ọjọ́ kẹfà ni bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì yọ ẹyinjú náà kó má baà ba èkejì jẹ́. Nígbà tó padà wá, gbogbo orí ló fi ń yí bó bá fẹ́ rí mi. A jáde ilé ìwé náà, kò sọ orúkọ mi.

Ọdún 13 lẹ́yìn náà, ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ wa ṣàlàyé omi tó máa ń jò bí ẹyinjú bá lu. Mo dìde, mo jáde síta. Kì í ṣe omijé ló ń sun lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin hẹdimásítà, mo bẹ̀ yín, ẹ kéde òmíràn ní àṣẹ́ńbílì: ẹni tó bá wá sọ pé òun ta ẹnìkan lójú, a ò ní nà án. Ẹ sọ ọ́ ní gbogbo táàmù, kẹ́ ẹ sì mú un ṣẹ. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yìn ọmọ lẹ fi pànkẹ́rẹ́ sun, ọmọ á yí padà, orí pànkẹ́rẹ́ á bá a lójú. Mo ń tọ́jú ìyẹn náà.

Ọmọ ọjọ́ Ajé yẹn, AS ni. A dá a dúró fún ọjọ́ 5, a fún un ní oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kejì ò sun. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó fi ojú ọ̀tún ka ìlà méje lára pátákó lẹ́tà, ó fi ti òsì ka mẹ́rin. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti sọ fún mọ́mì òun. Mo ti sọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun ló jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bó ọsàn fún un.