Ohun tí ẹyin ẹja lè sọ nípa ọmọ inú

Tí mo bá sọ fún èèyàn pé ẹyin ẹja la fi ń yẹ kẹ́míkà wò bóyá ó lè ba ọmọ inú jẹ́, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé: kí ló pa ẹja àti aboyún pọ̀? Ìbéèrè gidi ni, ìdí maikirosíkóòpù ni mo sì ti máa dáhùn rẹ̀.

Ẹja zebrafish kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹyin rẹ̀ mọ́ gaara, òde ara ìyá ló sì ti ń dàgbà, nítorí náà kò sí ohun tó fara pa mọ́ fún wa. A máa ń fi ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú ihò kékeré lórí àwo, a ó wá po kẹ́míkà mọ́ omi rẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ àti èyí tó ki. Àwọn kan máa ń wà nínú omi lásán kí a lè fi àwọn yòókù wé wọn. Kò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ, ọkàn ti ń lù, ojú ti ń yọ. Tó bá fi máa di wákàtí 72, ọ̀pọ̀ ẹyin ti pa ọmọ. Kẹ́míkà tó bá ba ọmọ ẹja jẹ́ kì í lè sá fún wa: ẹ ó rí ẹ̀yìn tó tẹ̀ kọrọdọ, ẹ ó rí omi tó gbárajọ yí ọkàn ká.

Àwọn kan gbà pé eku olóyún nìkan ló lè sọ òótọ́. Ẹ rántí oògùn thalidomide. Ọdún 1957 ni wọ́n gbé e jáde ní Jámánì, àwọn aboyún ń lò ó sí èébì, àìmọye ọmọ, ó lé ní 10,000, ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù, pàápàá ní apá àti ẹsẹ̀. Ìparí 1961 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún eku olóyún ní oògùn yìí, apá àti ẹsẹ̀ ọmọ wọn kò bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara ehoro ló ti hàn. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Japan rí purotéènì tí oògùn náà ń so mọ́, cereblon. Zebrafish àti ọmọ adìyẹ inú ẹyin ni wọ́n fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

A tún ń lo sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ eku, èyí tó lè di ẹ̀yà ara yòówù. Tí a bá tọ́ ọ nínú àwo fún ọjọ́ 10, apá kan á di ẹran ọkàn, á sì máa lù fúnra rẹ̀ lójú wa. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Níbi tí kẹ́míkà bá ti dí i lọ́wọ́, àwo náà á dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹyin ẹja kò ní olóbi, àwo sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹ̀dọ̀ ìyá. Cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ, kì í di olóró títí ẹ̀dọ̀ yóò fi yí i padà. Àwo tí kò ní ẹ̀dọ̀ lè jẹ́ kí irú rẹ̀ kọjá láìfura. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pa èsì ọ̀nà bíi mélòó kan pọ̀, tí a sì máa ń fi èròjà ẹ̀dọ̀ kún àwo nígbà mìíràn. Tí ọkàn bá ń lù dáadáa, tí ẹ̀yìn sì nà, "a kò rí jàǹbá ní ìwọ̀n yìí" ni mo máa ń kọ sínú ìwé. N kì í kọ "kò léwu".