Bí Concorde Ṣe Dé Orí Sítáǹpù New Hebrides

Ní ọdún 1968, àwọn erékùṣù New Hebrides, tó wà nínú Òkun Pàsífíìkì ní ìlà-oòrùn Ọsirélíà, gbé sítáǹpù méjì jáde, ọ̀kan jẹ́ sàńtíìmù 25, èkejì jẹ́ 60, bàálù Concorde ló sì wà lórí àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ìtàn bàálù náà yóò bi ara rẹ̀ léèrè, nítorí ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1969 ni Concorde kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀ ní Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé, tí André Turcat wà á. Sítáǹpù rẹ̀ ti ń bá lẹ́tà rìn kí òun fúnra rẹ̀ tó fò.

Kí ló wá kan àwọn ará erékùṣù yìí nínú ọ̀rọ̀ bàálù tó ń sáré ju ìró lọ? Láti ọdún 1906 ni Bìrìtéènì àti Faransé ti jọ ń ṣàkóso ibẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn gbà kí èkejì dá a ní. Yorùbá ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ni wọ́n ń pé mẹ́fà. Àmọ́ ní Port Vila, olú ìlú àwọn erékùṣù náà, ààfin gba méjì. Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì wà, ti Faransé wà; òfin méjì, ilé ìwòsàn méjì, ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ilé ẹjọ́ àjùmọ̀ní sílẹ̀, ọba Sípéènì ni wọ́n ní kó bá wọn yan adájọ́ àgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìṣàkóso náà ni Condominium; àwọn aláwàdà yí i sí Pandemonium, tó túmọ̀ sí rúdurùdu, n kò sì lè bá wọn jiyàn.

Ọ̀rọ̀ sítáǹpù kò yàtọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, sítáǹpù Fiji ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ orúkọ erékùṣù náà lé lórí, àwọn Faransé sì tẹ tiwọn lé orí sítáǹpù New Caledonia. Nígbà tó yá, wọ́n ń ya àwòrán kan náà fún ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń tẹ̀: ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní èdè Faransé. Bí a bá gbé ẹ̀dà méjèèjì ka orí tábìlì, a ó rí àmì ayaba Elizabeth Kejì àti lẹ́tà RF (République Française, ìyẹn Orílẹ̀-èdè Olómìnira Faransé) lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ipò wọn ni wọ́n ń pààrọ̀, kí ó má baà dà bíi pé ẹnì kan ló máa ń wà níwájú nígbà gbogbo.

Concorde náà, ọmọ bàbá méjì ni. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1962 ni ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ àdéhùn ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn yóò jọ kọ́ ọ, wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dá yẹra. Nígbà tí ìjọba tuntun dé ní Bìrìtéènì ní ọdún 1964, tó rí owó tí iṣẹ́ náà ń jẹ, ó fẹ́ jáwọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ti dè é mọ́lẹ̀. Lórí orúkọ pàápàá, wọ́n jà: àwọn Faransé ń kọ lẹ́tà “e” sí ìparí rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ kúrò. Ìgbà tí wọ́n fa bàálù àkọ́kọ́ jáde ní Toulouse, ní oṣù kejìlá ọdún 1967, ni mínísítà Bìrìtéènì, Tony Benn, kéde pé àwọn ti dá “e” náà padà. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Ẹni tó ti gbé ní Port Vila kò ní rẹ́rìn-ín, ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ni.

Nítorí náà, ohun tí New Hebrides gbé sórí sítáǹpù ní ọdún 1968 kì í ṣe ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbì kankan. Iṣẹ́ mìíràn tí àwọn ọ̀gá wọn méjèèjì jọ dáwọ́ lé ni. Ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí bàálù náà ti fò, New Caledonia àti Saint-Pierre-et-Miquelon náà tẹ Concorde sórí sítáǹpù wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé nìkan ni wọ́n, ẹ̀dà kan ṣoṣo sì tó wọn.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní ọdún 1976, Concorde méjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú èrò, ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù sí Bahrain, ọ̀kan láti Paris gba Dakar lọ sí Rio de Janeiro. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnì kan ṣáájú ẹnì kejì. Ọdún 2003 ni bàálù náà kúrò lójú òfurufú. Àjùmọ̀ṣe ti Port Vila ti parí ṣáájú ìyẹn: ní ọgbọ̀njọ́ oṣù keje ọdún 1980, àwọn erékùṣù náà gba òmìnira, wọ́n di Vanuatu, wọ́n sì yọ àmì ayaba àti RF kúrò lórí sítáǹpù wọn.