Mọ́tò gbá ẹlẹ́sẹ̀ nílùú ọba: bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀bi

Tí mọ́tò bá gbá ẹni tó ń sọdá títì níbi tí kò sí zebra crossing, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni pé ẹ̀bi ẹni náà ni, kí ló dé tí kò rìn dé ibi tí iná wà. Ẹlòmíì tí wọ́n gbá gan-an á ti dá ara ẹ̀ lẹ́bi kó tó kúrò ní ọsibítù, kò ní wá lọ́yà, kò ní béèrè nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ owó tó yẹ kó fi tọ́jú ara ẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ yẹn, ó sì dunni gan-an. Ní England, Wales àti Scotland, òfin kì í wo ọ̀rọ̀ náà báyẹn rárá. Yàtọ̀ sí motorway tí wọn ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn, kò sí òfin níbẹ̀ tó ní kéèyàn má sọdá níbi tó bá wù ú, kò dà bí Èkó tí wọ́n ti ń mú ẹni tó bá gba abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá express.

Ẹ má fi iṣẹ́ ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó. Ọlọ́pàá ní tiwọn, ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń wá, ṣé dírẹ́bà náà wakùwà, ṣé ó mutí, ṣé ó ń tẹ fóònù, kí kóòtù sì tó lè dá a lẹ́bi níbẹ̀, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dájú débi tí iyèméjì ò ní sí. Ti owó gba-má-bínú yàtọ̀, tí adájọ́ bá ti gbà pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ju kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tó. Ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà tí ọlọ́pàá ní kó máa lọ sílé ṣe ṣì lè jẹ̀bi níbi owó.

Dírẹ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Kì í ṣe pé ṣé ó rú òfin nìkan, wọ́n á wò ó bóyá ó wakọ̀ bí ẹni tó lójú nílẹ̀ ṣe máa wà á níbẹ̀, lásìkò yẹn. Wọ́n lè ní kí mọ́tò má sáré ju 30 máìlì ní wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà kan, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà iléèwé ni, ní aago mẹ́ta ọ̀sán tí àwọn ọmọ ń tú jáde, 30 yẹn gan-an lè pọ̀ jù. Highway Code, ìyẹn ìwé ìlànà ojú títì níbẹ̀, sọ pé mọ́tò tó ń sáré 30 máa rìn tó mítà 23 kó tó dúró tán, tó bá jẹ́ 20 ni, mítà 12 péré, àárín méjèèjì yẹn sì ni ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíì ti ń kán. Láti 29 January 2022 ni wọ́n ti tún Code náà ṣe: ẹni tí ohun tó ń wà lè ṣeni léṣe jù, òun ni ojúṣe ẹ̀ pọ̀ jù, tí dírẹ́bà bá sì fẹ́ yà wọ àdúgbò tí ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́nu ibẹ̀ tó fẹ́ sọdá, kí dírẹ́bà dúró fún un. Èèyàn lè má ṣe ohun tí Code sọ kó má sì di ọ̀daràn, àmọ́ kóòtù lè fi mọ ẹni tó kùnà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá kan ẹlẹ́sẹ̀. Ṣé ó wò ọ̀tún wò òsì, ṣé ó ti mutí yó, ṣé aṣọ dúdú ló wọ̀ lójú ọ̀nà tí kò níná. Tó bá ṣàdédé bọ́ síwájú mọ́tò tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí kò sí dírẹ́bà tó lè rí bíréèkì tẹ̀ mọ́, ó lè má gba kọ́bọ̀. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà àwọn méjèèjì ló lẹ́bi, òfin tí wọ́n ṣe ní 1945 ló sì jẹ́ kí adájọ́ lè pín in, kó tó dìgbà yẹn ẹni tó fara pa tó lẹ́bi díẹ̀ lè pàdánù gbogbo ẹ̀. Wọ́n á wo ẹni tí kò bìkítà jù, wọ́n á sì wo ẹni tí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè pààyàn. Ibi kejì yìí ni òṣùwọ̀n ti máa ń tẹ̀ sọ́dọ̀ dírẹ́bà, torí ẹlẹ́sẹ̀ ò lè fi ara ẹ̀ fọ́ ẹni tó wà nínú mọ́tò.

Ẹjọ́ kan tó dé Supreme Court, kóòtù tó ga jù níbẹ̀, ní 2015 ló jẹ́ kọ́rọ̀ yìí hàn kedere. Ní January 2004, ní Scotland, ọmọbìnrin ọdún 13 sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé, ó gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà bọ́ sójú títì, mọ́tò tó ń sáré bí 50 máìlì gbá a. Ilẹ̀ ti ń ṣú, bọ́ọ̀sì ti tan iná ìkìlọ̀, dírẹ́bà rí bọ́ọ̀sì yẹn àmọ́ kò dín eré kù. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdá 90 nínú 100 ẹ̀bi náà, ti ọmọ yẹn ni. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di 70. Nígbà tó dé Supreme Court ó di 50, adájọ́ mẹ́ta ló fara mọ́ ọn, méjì ò fara mọ́ ọn. Owó tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé, ká ní dírẹ́bà ló lẹ́bi gbogbo ẹ̀, jẹ́ £2.25 mílíọ̀nù, ẹ wá ṣírò ẹ̀: £225,000 lọ́dọ̀ adájọ́ àkọ́kọ́, £675,000 lẹ́yìn ìyẹn, £1,125,000 nígbẹ̀yìn, lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rí tuntun kún.

Nínú ẹjọ́ míì tí wọ́n dá ní 2003, ọmọbìnrin ọdún 17 tó ń rìn láàárín títì lálẹ́ ní Great Yarmouth, ẹ̀bi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e jẹ́ 60, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn já a sí 40. Ọmọdé sì wà tí wọn ò gbé ẹ̀bi kankan lé: ní 1966, Lord Denning àtàwọn adájọ́ tó kù ní ọmọ ọdún 13 tí dírẹ́bà lọ́rì juwọ́ sí pé kó máa kọjá, tí mọ́tò míì wá gbá, kò jẹ̀bi rárá.

Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dé kóòtù o, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì àti lọ́yà ló ń dúnàádúrà lé e lórí. Inṣọ́ránsì lè kọ lẹ́tà wá pé àwọn gbà 50, tìẹ náà 50. Ìdájọ́ kọ́ nìyẹn, iye tí wọ́n fẹ́ san ni, ẹ̀rí ló sì lè yí i padà: fọ́tò ojú títì, orúkọ ẹlẹ́rìí, ìwé ọlọ́pàá, fídíò inú bọ́ọ̀sì tàbí ti ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Ẹ tètè béèrè fídíò yẹn, torí ọ̀pọ̀ CCTV máa ń pa á rẹ́ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbá kó má sì máa bẹ dírẹ́bà níbẹ̀ pé òun lòun ṣẹ̀, bó ti wù kí ilé ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ tó, ẹnì kan lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí dírẹ́bà bá sá lọ, tàbí tí kò ní inṣọ́ránsì, Motor Insurers' Bureau tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, àjọ tó ń san owó fún ẹni tí irú dírẹ́bà bẹ́ẹ̀ bá ṣe léṣe, ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Ọdún mẹ́ta ni àgbàlagbà ní láti gbẹ́jọ́ lọ sí kóòtù. Ti ọmọdé, ọjọ́ tó bá pé ọdún 18 ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́ta náà ní England àti Wales, ní Scotland ọdún 16 ni.